Kókó inú ìkọ́kọrẹ́ kì í ṣe àṣìṣe: bí a ṣe ń kọ èrò ẹni lórí oúnjẹ, eré ìje àti ìwé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Mo fẹ́ràn oúnjẹ búkà, mo ń sá eré ojú títì, mo sì ń ka ìwé. Gbogbo ohun tí mo bá jẹ, tí mo bá sá, tàbí tí mo bá kà ni mo máa ń kọ èrò mi nípa rẹ̀ sórí Google Maps àti Facebook. Lóṣù tó kọjá, mo kọ ọ́ nípa búkà kan pé ìkọ́kọrẹ́ wọn kún fún kókó, pé gàárì wọn kan, pé ẹ̀bà wọn sì tutù. Mo fún wọn ní ìràwọ̀ méjì. Ìyá olóúnjẹ gbọ́, inú bí wọn, wọ́n ní n kò mọ ohun tí mo ń sọ. Ṣé kí n pa á rẹ́ ni? Báwo ni mo ṣe lè máa kọ èrò mi tí yóò fi wúlò fún ẹlòmíràn?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ má pa á rẹ́, ẹ tún un kọ ni. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ sọ, òótọ́ ni: kókó wà níbẹ̀, gàárì kan, ẹ̀bà tutù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ní Ìjẹ̀bú gan-an nìyẹn. Ìràwọ̀ mẹ́ta ni ẹ yọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Bí ọmọ Ìjẹ̀bú kan bá dé Ọ̀yọ́, tó tọ́ àmàlà wò, tó sì ní ó dúdú jù, kí lẹ máa sọ fún un?

Ohun kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo ohun tí ẹ béèrè: kí ẹ tó dájọ́ fún nǹkan, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó yẹ kí nǹkan náà jẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá níbẹ̀, tọjọ́-tọjọ́, tiye-tiye, kí ẹ tó wá sọ bó ṣe rí lẹ́nu yín. Màá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkọ́kọrẹ́, torí òun ló dá wàhálà yìí sílẹ̀, òun náà ni nǹkan sì pọ̀ nínú rẹ̀ jù.

Ewùrà ni wọ́n fi ń ṣe ìkọ́kọrẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìfọ́kọrẹ́. Kì í ṣe iṣu tí a ń gún níyán. Wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì rin ín lójú páànù tí wọ́n dá lu, títí yóò fi di ohun kíki tó ń fà lọ́wọ́. Wọ́n á fi iyọ̀ sí i. Lórí iná, ata lílọ̀, àlùbọ́sà, epo pupa, edé, ẹja gbígbẹ àti irú á ti máa hó. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń bu ewùrà náà sínú ata yìí, ní ìṣù kéékèèké, wọ́n á wá dé ìkòkò, wọ́n á dín iná kù, wọn ò ní fi ṣíbí kàn án fún bí ìṣẹ́jú 10. Láàárín àkókò yẹn ni ìṣù kọ̀ọ̀kan ń dì, tó ń jinná. Ẹni tó bá kánjú rò ó kí ó tó dì, ewùrà á yọ́ sínú ata, gbogbo rẹ̀ á di ẹ̀kọ eléépo. Ìgbà tó bá dì tán ni wọ́n á fi ṣíbí igi yí i pẹ̀lẹ́: apá kan á yọ́, á mú ọbẹ̀ náà ki, apá kan á ṣẹ́kù ní kókó. Kókó yẹn ni ará Ìjẹ̀bú ń fi ṣíbí wá nínú àwo. Èyí tó bá kúnná láti òkè délẹ̀ ni ẹ̀yin ìbá yọ ìràwọ̀ lára rẹ̀.

Kókó tó dáa wà, èyí tí kò dáa náà sì wà, ibẹ̀ sì ni ẹni tó mọ oúnjẹ yìí ti ń hàn. Ẹ fi ṣíbí la ọ̀kan sí méjì. Bí inú rẹ̀ bá rọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba láti etí dé àárín, ó jinná. Bí ẹ bá rí ojú funfun kan láàárín bí ẹfun, tó sì ń le lábẹ́ eyín, kò jinná, ó sì lè yún yín lọ́fun. Ohun tó ń yún ọwọ́ ẹni tó ń rin ewùrà náà ló ń yún ọ̀fun yẹn. Iná ló ń pa á. Àìjinná kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ẹnu mi ò gbà á. Àṣìṣe ìdáná ni, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ omi. Ewùrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà máa ń lómi ju èyí tó ti pẹ́ nínú àká. Ẹni tó mọṣẹ́ á dín omi ata kù, tàbí kó wọ́n gàárì díẹ̀ sínú ewùrà tó ti rin kó lè dì mú ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ á máa ṣàn káàkiri àwo. Ẹni tó bá sì fi gàárì náà ṣe àṣejù, kókó rẹ̀ á le, á máa ṣe háráhárá lẹ́nu. Ẹ tún fi imú ṣiṣẹ́. Ewùrà wúwo, ó máa ń jókòó sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó sì tètè ń jóná níbẹ̀. Òórùn ewùrà tó jóná korò, ó sì máa ń dúró lẹ́yìn ahọ́n. Òórùn èéfín ara ẹja gbígbẹ kò rí bẹ́ẹ̀, tirẹ̀ ń ta sánsán ni. Ọ̀pọ̀ àlejò kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, wọ́n á sì kọ ọ́ pé ìkọ́kọrẹ́ ń rùn èéfín. Èéfín ẹja ni wọ́n ń sọ. Èyí tó sì yẹ kó wà níbẹ̀ ni.

Ẹ̀bà tútù: bí ẹ bá ti fẹ́ ẹ̀bà gbígbóná, ẹ béèrè fún un. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú ló jẹ́ pé ẹ̀bà tó ti tutù, tó ti gbára jọ, ni wọ́n fi ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń tẹ ẹ́ sílẹ̀ lálẹ́ di àárọ̀. Olóúnjẹ tó bá gbé e fún yín bẹ́ẹ̀ kò fi yín ṣẹ̀sín. Ó rò pé ẹ mọ̀ ọ́n jẹ ni.

Gàárì Ìjẹ̀bú ńkọ́? Lẹ́yìn tí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́ tán, inú àpò ni wọ́n ń dì í sí, wọ́n á fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì jẹ́ kó kan fún ọjọ́ 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó kù ú, kí wọ́n tó yan án. Ọjọ́ tó lò nínú àpò yẹn ni owó tí a ń san lé e. Nítorí náà, ẹ má fi kíkan dá a lẹ́bi. Ohun tí ẹ lè fi dá a lẹ́bi pọ̀. Ẹ da ṣíbí kan sínú ife omi tútù, kí ẹ má rò ó. Gàárì tó yan dáadáa á lọ sísàlẹ̀, hóró rẹ̀ á sì dá dúró fún ìgbà díẹ̀ kó tó wú. Èyí tí kò yan tó á tètè di pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Pàǹtí tó bá léfòó sọ fún yín pé wọn ò kù ú dáadáa. Ẹ mu ún tán, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ ife: yanrìn kì í parọ́. Bó bá sì ń rùn bí aṣọ tó pẹ́ nínú ọ̀rinrin, ó ti ń bu nìyẹn, ẹ má jẹ ẹ́ rárá.

Bí ẹ bá ti mọ ohun tí ẹ ń wò, ó ku bí ẹ ṣe máa kọ ọ́. Ẹni tó ń ka èrò yín fẹ́ mọ ohun tí òun máa bá níbẹ̀ bí òun bá dé ibẹ̀ lọ́la. “Oúnjẹ wọn dùn” kò sọ nǹkan kan fún un. “Oúnjẹ pọ̀” náà kò sọ nǹkan kan, torí ohun tó pọ̀ lójú ọmọ ilé-ìwé lè má tó ìdajì oúnjẹ awakọ̀ ní gáréèjì. Ẹ kà á: ṣíbí ìrẹsì mélòó, ẹja mélòó, ẹran tó tóbi bí kí ni. Ẹ gbé ṣíbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo kí ẹ tó ya fọ́tò, kí ojú lè mọ ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹ sì yà á kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ náà. Iye tí ẹ san, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú oṣù àti ọdún, torí owó oúnjẹ lónìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ má ya ojú àwọn tó ń jẹun lọ́wọ́. Búkà kì í ṣe ojúde, ẹlòmíràn ò fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ mọ ibi tó ti jẹun ọ̀sán.

Wákàtí tí ẹ dé ibẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ìkọ́kọrẹ́ agogo 10 àárọ̀ àti ti agogo 3 ọ̀sán láti inú ìkòkò kan náà kì í jọ ara wọn, torí bó ṣe ń tutù ló ń ki. Ẹni tó bá jẹ ti ọ̀sán á ní ó ki jù, ẹni tó jẹ ti àárọ̀ á ní ó dáa, àwọn méjèèjì ò sì purọ́. Bákan náà ni ọjọ́ tí ẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kẹta Iléyá, tí ayé ń rọ́ wá sí Ojúde Ọba, kò sí búkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ẹ lè fi iṣẹ́ ọjọ́ yẹn mọ̀. Èrò pọ̀, oúnjẹ ń tán, àwọn tó ń gbé àwo lè jẹ́ ọmọ àbúrò tí wọ́n yá fún ọjọ́ kan. Ẹ lè kọ ọ́, kí ẹ ṣá sọ pé ọjọ́ Ojúde Ọba ni. Èmi ní tèmi, n kì í ka èrò ẹni tó lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí ìdájọ́. Ìròyìn ni mo kà á sí. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀, ọ̀kan ní Sátidé, kí ẹ sì jẹ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ìmọ́tótó náà, ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ kọ. “Ibẹ̀ dọ̀tí” lè mú ìjà wá, kò sì wúlò. “Abọ́ omi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣan gbogbo àwo, omi náà ti pọ́n fún epo nígbà tí mo dé ní agogo 1” wúlò, torí olóúnjẹ fúnra rẹ̀ lè kà á kó sì tún un ṣe. Ẹ wò bóyá kúlà wà ní dídé, bóyá omi ìfọwọ́ àti ọṣẹ wà, bóyá ẹni tó ń gba owó náà ló ń fi ọwọ́ kan náà bu ẹran.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ inú rírun, mo sì bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ lórí èyí. Bí inú bá ń run yín, tí ẹ sì ń bì lẹ́yìn tí ẹ jẹun níta, ọwọ́ máa ń yá láti kọ ọ́ pé májèlé ni wọ́n ń tà. Májèlé tí kòkòrò Staphylococcus ń fi sínú oúnjẹ lè dá èèyàn dùbúlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí 8. Salmonella ní tirẹ̀ lè gba wákàtí 6, ó sì lè gba ọjọ́ 6 kó tó farahàn. Oúnjẹ tí ẹ jẹ kẹ́yìn kọ́ ló ń jẹ̀bi nígbà gbogbo. Ẹ̀wà ìjẹta nínú ilé yín lè wà nídìí rẹ̀. Ẹ tọ́jú ara yín ná. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ẹ jọ jẹun, ẹ sì pe olóúnjẹ kó lè wo ohun tó ṣẹ́kù. Bí ẹni mẹ́ta tó jẹ ohun kan náà lọ́jọ́ kan náà bá ṣàìsàn, ó tó kọ: ẹni mélòó, kí ni wọ́n jẹ, wákàtí mélòó lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ àrùn tí dókítà kò tíì sọ, ẹ má kọ ọ́. Ohun tí wọ́n ń jẹ ló wà lórí ìkòkò yẹn, àti owó ilé-ìwé ọmọ.

Ní ti ìràwọ̀, ẹ pinnu ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún, kí ẹ má sì yí i padà. Tèmi rí báyìí: mẹ́ta ni oúnjẹ tó jẹ́ ohun tó pe ara rẹ̀, tí kò sí àléébù níbẹ̀. Mẹ́rin, màá padà lọ. Márùn-ún, mo lè wọ ọkọ̀ láti Ṣàgámù lọ jẹ ẹ́. Méjì, àṣìṣe ìdáná wà níbẹ̀, irú èyí tí kò jinná tàbí tó jóná. Ẹyọ kan, mo fi ti ohun tó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá tàbí rẹ́nijẹ pamọ́. Iná tó lọ nígbà tí ẹ ń jẹun kò yẹ kó yọ ìràwọ̀ lọ́wọ́ olóúnjẹ. Òjò tó sọ ẹnu ọ̀nà di ẹrẹ̀ náà kò yẹ kó yọ ọ́. Bí wọ́n bá fún yín lóúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí tí olóúnjẹ jẹ́ àna yín tàbí ẹni tí ẹ jọ wà lẹ́gbẹ́, ẹ sọ ọ́ ní ìlà àkọ́kọ́. Google kò gbà kí a gba owó tàbí ẹ̀bùn láti kọ èrò. Ká tilẹ̀ ní wọ́n gbà, ìlú tí gbogbo èèyàn ti bá ara wọn tan ni a wà, ó pẹ́ ni, ó yá ni, wọ́n á mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ọ̀rọ̀ eré ìje. Ohun tó ń ba èrò asáré jẹ́ jù ni pé ó ń gbé àárẹ̀ ara rẹ̀ lé olùṣètò lórí. Ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀: ohun tí ẹsẹ̀ yín ṣe lọ́jọ́ náà, àti ohun tí wọ́n ṣètò.

Àríyànjiyàn tó wọ́pọ̀ jù ni ti gígùn ọ̀nà. Èèyàn á ní, “Wọ́n pè é ní kìlómítà 10, aago mi ka 10.15, wọ́n rẹ́ wa jẹ.” Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn o. Kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n so ẹ̀rọ ìkàyípo mọ́ táyà rẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà eré tó bá òfin World Athletics, àjọ tó ń darí eré sísá lágbàáyé, mu. Ojú ọ̀nà tó kúrú jù lọ tí asáré lè gbà ni wọ́n ń wọ̀n, sẹ̀ǹtímítà 30 sí etí kọ́nà, wọ́n á sì fi mítà kan lé kìlómítà kọ̀ọ̀kan kó má baà kúrú. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kìlómítà 10 á jẹ́ mítà 10,010. Ẹ̀yin kò sáré mọ́ etí gbogbo kọ́nà, ẹ yà fún èèyàn, ẹ yà síbi omi. Aago GPS fúnra rẹ̀ ń ṣìnà lábẹ́ igi àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gíga. Aago tó bá ka 10.1 tàbí 10.2 kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá ka 9.6 ni kí ẹ fura sí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí aago wọn yàtọ̀ síra, bó bá sì bá ara mu, ẹ kọ ọ́ pé ọ̀nà kúrú. Ìdajì máráthọ́ọ̀nù jẹ́ 21.0975, odindi jẹ́ 42.195, ọ̀nà kan náà lẹ ń gbà wò wọ́n.

Pátákó kìlómítà náà lè tan yín. Ká ní ìṣẹ́jú 6 ni ẹ fi ń sá kìlómítà kan. Ẹ wo aago, láti pátákó 4 sí 5 jẹ́ ìṣẹ́jú 4 ààbọ̀, láti 5 sí 6 wá jẹ́ ìṣẹ́jú 7 ààbọ̀. Ìṣẹ́jú 12 ni méjèèjì, ó pé. Pátákó 5 ni wọ́n rì sí ibi tí kò yẹ. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó ń fi pátákó díwọ̀n agbára rẹ̀ lè fi àṣìṣe yẹn sáré jù, kí ó sì dákú níwájú.

Àkókò tún ní oríṣi méjì. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ìbọn dún, òun ni òfin ń lò fún ipò. Èkejì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ yín kọjá ìlà, tí ẹ̀rọ kékeré tó wà lára nọ́ńbà àyà yín bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá dúró lẹ́yìn èrò, ìyàtọ̀ méjèèjì lè tó ìṣẹ́jú 2. Kì í ṣe ojúsàájú. Ẹ ṣá sọ èyí tí wọ́n gbé jáde.

Omi ni mo máa ń kọ́kọ́ wò nínú èrò asáré. Òfin ní kó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 5 síra, àti ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Nínú oòrùn ilẹ̀ wa, èmi gbà pé kìlómítà 5 ti jìnnà jù fún ẹni tó bá ń rìn ìdajì ọ̀nà. Ẹ kọ ibi tí tábìlì kọ̀ọ̀kan wà, bóyá omi náà tutù, bóyá inú ife ni tàbí inú ọ̀rá. Omi inú ọ̀rá ní wàhálà tirẹ̀: ẹ gbọ́dọ̀ fi eyín já a létí níbi tí ẹ ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìdajì á dà sí yín láyà, ọ̀rá tí ọgọ́rùn-ún èèyàn jù sílẹ̀ á sì máa yọ̀ lábẹ́ bàtà lórí ọ̀dà. Bí kò bá sí ẹni tó ń gbá a kúrò, ẹ kọ ọ́. Ohun kan wà tí àwọn tó yára kì í mọ̀: bóyá omi tán. Ẹni tó kọ́kọ́ dé bá tábìlì tó kún. Kí ẹ tó kọ pé omi wà káàkiri, ẹ dúró sí ìlà ìparí, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó dé kẹ́yìn.

Ó ku agogo tí wọ́n kéde àti agogo tí ìbọn dún gan-an. Eré tí wọ́n pè sí 6:30 tó wá bẹ̀rẹ̀ ní 7:20 ti fi ìṣẹ́jú 50 oòrùn kún ìyà gbogbo èèyàn, àwọn tó lọ́ra ló sì jẹ èyí tó pọ̀ jù. Ẹ sọ bóyá ọ̀kadà ń wọ àárín àwọn asáré, ibi tí bọ́ǹpù àti kòtò wà, ibi tí òkè bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe gùn tó. Ẹ má fi àkókò ọ̀nà olókè wé ti pẹ̀tẹ́lẹ̀: kìlómítà 10 ti Okpekpe ní ìpínlẹ̀ Edo, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, àwọn òkè rẹ̀ lokíkí. Bí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí bá jìnnà síra, bíi ti máráthọ́ọ̀nù Èkó tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2016, tó ń parí sí Eko Atlantic, ẹ kọ bí èèyàn ṣe ń padà síbi tó gbé ẹrù sí. Mẹ́dàlì kéré sí gbogbo ìyẹn.

Ìwé kò ní gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ kọ ẹ̀dà tí ẹ kà, ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, iye ojú ìwé àti iye tí ẹ rà á. Bí ojú ìwé bá sọnù, ẹ kà wọ́n. Ìwé ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ ní ìdìpọ̀ ojú ìwé 16, bí 16 bá sọnù gbáko, tàbí tó jáde lẹ́ẹ̀mejì, ilé ìtẹ̀wé ló ṣì í, òǹkọ̀wé ò mọ̀ sí i. Ẹ má sì pe àkọtọ́ àtijọ́ ní àṣìṣe. Ìwé tó jáde ṣáájú àkọtọ́ 1974 lè kọ “aiye”, “enia”, “nwọn” àti “Shagamu”. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nígbà náà nìyẹn. Èyí tó jáde lẹ́nu àìpẹ́ yìí láìní àmì ohùn kankan, ìyẹn ni kí ẹ bá wí.

Bó bá jẹ́ ìwé ìtàn ìlú, ẹ fi ohun kan tó dájú dán an wò. Ogun Ìmágbọ̀n tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà, 1892 ni. Ìwé tó bá gbé ọdún mìíràn kalẹ̀, ẹ yẹ ìyókù rẹ̀ wò tìṣọ́ra-tìṣọ́ra. Ẹ sì wo ibi tí òǹkọ̀wé ti ń sọ̀rọ̀. Ìdílé mẹ́rin ló ń jẹ Awùjalẹ̀, Gbélégbùwà, Àníkìnáyà, Fùsẹ́ngbùwà àti Fídípọ̀tẹ̀, ìtàn tí ọ̀kan ń sọ nípa èkejì kì í sì í fi gbogbo ìgbà bára mu. Ìwé tó wá láti agbo ilé kan kì í ṣe ìwé burúkú. Ẹ ṣá sọ agbo ilé tó ti wá, kí òǹkàwé lè mọ ẹ̀gbẹ́ tí ìlù ti ń dún.

Padà sí búkà yín. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tó tún nǹkan kan kọ. Ẹ kí ìyá náà dáadáa, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, pé ẹ fẹ́ tún un jẹ. Lórí Google Maps, ẹ tẹ àmì kékeré mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ kọ, ẹ ó rí ibi tí a ti ń ṣàtúnṣe. Tuntun á gba ipò ti àtijọ́. Lórí Facebook, ẹ kọ ọ́ sókè pé ẹ ti yí i padà àti ìdí rẹ̀. Bí ohun tí ẹ bá níbẹ̀ bá jọ ti àkọ́kọ́, ó lè rí báyìí, kí ẹ fi iye owó àti oṣù kún un:

“Mo jẹun níbí lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sán Ọjọ́rú kan àti àárọ̀ Sátidé kan. Ìkọ́kọrẹ́ wọn ní kókó tó jinná dé àárín, ọbẹ̀ rẹ̀ ki, kò ṣàn. Ẹja gbígbẹ méjì ló wà nínú àwo mi, egungun kéékèèké wà lára ẹja náà, kí ẹni tó bá gbé ọmọ dání ṣọ́ra. Gàárì wọn kan dáadáa, kò sí yanrìn. Tútù ni wọ́n ń gbé ẹ̀bà wá bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ níbí, wọ́n á te gbígbóná fún ẹni tó bá béèrè, ó gba ìṣẹ́jú 5. Èmi tí mo wá láti Ọ̀yọ́ fẹ́ kí gàárì má kan tó bẹ́ẹ̀, ẹnu tèmi nìyẹn.”

Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ìkòkò má tíì pẹ́ lórí ilẹ̀. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ̀bà tútù ni kí ẹ béèrè fún.